Ọwọ́ Màmá Kò Kàn Mí Lórí

Àfẹ́níù Kẹrin, Festac,
Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Lagos.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Adéyọ̀sọ́lá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àdúrà tí o rí nínú fídíò ọkọ̀ ojú omi yẹn, tìrẹ ni. Kì í ṣe tèmi. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun tó ń fi òkèlè ẹ̀bà tì í. Kò lọ, kò bọ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ kí n tó kí ọ rárá, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ìkíni náà ni màá fi parí lẹ́tà.

Ó wá kù kí n kí ọ. Ara ńkọ́? Ọlámipọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyìn àti Tóyọ̀sí ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ọdún yìí ní Leeds ò ṣeé fẹnu sọ, mo sì gbà á ládùúrà pé kò ní rí egungun yín bá jà. Àwa náà wà láàyè. Màmá ń jẹun, díẹ̀díẹ̀. Orí pépà ni mo ń kọ èyí sí, torí tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ìka mi á máa pa á rẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá kọ ọ́ tán, màá ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp kí ọkàn mi tó yí padà. O mọ̀ pé ilé ìwé gírámà ni mo kà mọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, bá mi nà án bí o ṣe ń kà á lọ.

Nígbà tí ìwọ àti Ọlámipọ̀ fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ fún ọgọ́rin ọdún Màmá, pé kí èmi àti wọn lọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Dubai, ẹ̀rù ló bà mí láti sọ ẹni tó rà á. O mọ bí orúkọ Ògúnjìmí ṣe máa ń rí lẹ́nu wọn. Ilẹ̀ Alákijà tí bàbá ọkọ rẹ tà fún Bàbá wa, tó tún tà fún ẹlòmíràn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé Bàbá lọ kí wọ́n tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, ó ṣì wà lára Màmá bí ẹ̀gún tí awọ ti bò. Mo ní, "Màmá, Yọ̀sọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n rà á." Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí omi náà. Omi nìkan làwọn Ògúnjìmí ò tíì rí tà lẹ́ẹ̀mejì." Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wá bàtà tí kì í yọ̀.

Ìwọ tí o rán wa lọ ò tíì gbọ́ bí a ṣe gbádùn tó, torí náà jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn kí n tó dé ibi kíkan. Tí wọ́n bá to gbogbo ilé Àfẹ́níù Kẹrin léra wọn, bóyá ni wọn yóò ga tó ọkọ̀ náà. Màmá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n di gèlè mú kó má baà já bọ́ bí wọ́n ṣe ń wòkè. "Rosaline, èyí ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀? Ta ló ń tù ú?" Nínú ọkọ̀, láti orí ẹni tó ń nu ilẹ̀ dé orí ẹni tó ń tẹ dùùrù, kò sí ẹni tí Màmá ò kí ní "ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni pé ọjà Trade Fair la wà. Ọmọkùnrin ará Philippines tó ń gbé oúnjẹ wá bá wa kò pẹ́ tó fi mọ "ẹ káàárọ̀, Mà." Ó máa ń tẹrí ba sí i. Màmá á ní, "Ọmọ gidi nìyí. Ó hàn pé ó ní ìyá." Wọ́n á wá yọ ata gígún nínú àpò, wọ́n á bù ú sórí oúnjẹ tó gbé wá.

Gbọ̀ngàn ìṣeré kan wà níbẹ̀ tí àga rẹ̀ rọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ ibẹ̀, géńdé méjì àti ọmọbìnrin kan gun aṣọ gígùn tí wọ́n so mọ́ àjà. Wọ́n ń yí bí òkòtó, wọ́n á já bọ́, wọ́n á tún hán ara wọn mú lófuurufú. Màmá di apá mi mú débi pé èékánná wọn wọlé. "Jésù, hán ọmọ yìí o! Ṣé ìyá ẹ̀ mọ̀ pé ibí ló wà?" Nígbà tí ọmọbìnrin náà fẹsẹ̀ kanlẹ̀, Màmá dìde, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n ń jù ú sókè bí ẹni tó gbọ́ pé aboyún sọ̀ láyọ̀. Bákan náà ni onídán tó fa ẹyẹlé yọ nínú fìlà, àti ọkùnrin tó ń ju ọbẹ mẹ́fà sókè tí ọ̀kan ò balẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ò nílò ẹnu mi. Ká ní irú wọn nìkan ni a wò títí a fi padà, n kì bá máa kọ lẹ́tà yìí.

Aláwàdà ló ba nǹkan jẹ́. Bàbá òyìnbó kan ni, ó pupa bí ata, imú ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń yára. Màmá fẹnu sí mi létí. "Kí ló wí?" Yọ̀sọ́lá, nínú gbogbo ohun tí bàbá náà sọ, ìyàwó, bàálù àti àpò ẹrù nìkan ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Rosaline ni yóò máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn. Ojú tì mí láti sọ pé n kò gbọ́. Ni mo bá dá tèmi sílẹ̀. Mo ní, "Ó ní àwọn ní aládùúgbò kan tó bẹ̀rù olè. Ó fi ṣéènì so jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó sùn. Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n ọ́n, ó dìde, ó gbàgbé, ó wọ́ jẹnẹrétọ̀ gbàràgàdà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ni àwọn ará ilé bá pariwo olè lé e lórí."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. O rántí Bàbá Àmúsà ìsàlẹ̀ ilé wa, àbí? Màmá ń lu itan mi. "Bàbá Àmúsà! Bàbá Àmúsà ni! Báwo lòyìnbó yìí ṣe mọ Bàbá Àmúsà?" Mo ní, "Irú wọn ò ṣọ̀wọ́n níbikíbi, Mà." Ẹ̀rín wọn ò bá ti àwọn yòókù rìn, ìgbà tí gbogbo gbọ̀ngàn bá dákẹ́ ni Màmá máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ń bojú wẹ̀yìn. Aláwàdà náà rò pé òun ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba fún wọn láti orí ìtàgé, Màmá náà juwọ́ sí i.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ti jáde. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Láti kékeré, ìwọ ni ọ̀mọ̀wé ilé wa. Tí lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì Bàbá, ìwọ ni wọ́n ń pè kí o wá kà á, tèmi ni pé kí n gbé omi fún ẹni tó mú un wá. Lórí omi yẹn, ohun tí mo bá sọ pé ó jẹ́ náà ló ń jẹ́. Màmá ń gbà á lẹ́nu mi bí ọmọ ṣe ń gba oúnjẹ. N kò mọ̀ pé adùn bẹ́ẹ̀ máa ń kó sí ènìyàn lórí.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká padà sí èbúté, wọ́n kéde àṣálẹ́ àwọn àgbà. Àwọn tó dàgbà jù nínú ọkọ̀ ni yóò bọ́ sórí ìtàgé, oníkálukú á bá ẹni tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á sínú fídíò, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ìyẹn fún Màmá bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ní, "Ṣé Yọ̀sọ́lá máa rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó máa rí ojú mi, ó máa gbọ́ ohùn mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi jókòó sẹ́bàá fèrèsé yàrá wa, wọ́n ń wo omi, ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Wọn ò tíì máa gbà á. Wọ́n ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Kò yẹ kí n máa rán ọ létí àárọ̀ ìgbéyàwó rẹ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. O kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Màmá, èmi ni mo gbá ìdí aṣọ funfun rẹ mú kó má baà dọ̀tí. Ọmọ tó bá ń relé ọkọ, kò sí bó ṣe lè jáde kí òbí má gbé ọwọ́ lé e lórí. Àwọn tí kò ní òbí pàápàá á wá ẹni tó máa gbé e lé wọn. Màmá ti ilẹ̀kùn. O ní, "Màmá, ẹ má tẹ̀ lé mi, ẹ má jẹ ìrẹsì wọn. Ọwọ́ yín nìkan ni mo fẹ́." Kò sí ohùn. Nígbà tí àwọn ẹbí Ọlámipọ̀ ń fun fèrè mọ́tò nísàlẹ̀, o dìde, o lọ pẹ̀lú orí òfìfo. Láti ọjọ́ náà, èmi ni ẹ̀yin méjèèjì ń gbà bá ara yín sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé." "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé." Ṣé o rí i, ó ti pẹ́ tí mo ti di ògbufọ̀ fún ẹni méjì tó gbọ́ èdè kan náà.

Ẹni mẹ́ta ni wọ́n pè sórí ìtàgé: bàbá ará Jámánì kan, ìyá ará Íńdíà kan, àti Màmá. Màmá wọ léèsì aláwọ̀ búlúù tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì, èyí tí mo sọ fún ọ nígbà náà pé wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Wọn ò wọ̀ ọ́ rí títí di ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń tọ́kùn ètò béèrè bóyá Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní rárá. Ló bá gbé máìkì lé èmi lọ́wọ́. Àwọn onídùùrù ń lu orin pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn wa. Ó yẹ kí n na máìkì náà sẹ́nu Màmá. N kò nà án. Mo gbé e mọ́ àyà, mo ń dúró kí wọ́n sọ tiwọn tán kí n wá sọ tèmi.

Wọ́n ní, "Adéyọ̀sọ́lá, ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mi ò sùn. Mo gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí dí etí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ni mo ń bá jà, ìwọ ni mo lù. Ọkọ rẹ kọ́ ló ta ilẹ̀ fún bàbá rẹ, ọmọdé lòun náà nígbà yẹn. Dárí jì mí. Mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ gbé ọwọ́ yìí lọ sọ́run láìlò ó." Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n dojú àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀ bí ẹni tó gbé e lé orí ẹnì kan. "Ọwọ́ mi rèé. Níbi tí o bá wà, gbé orí rẹ wá sábẹ́ ẹ̀. Ilé rẹ á tòrò. Ìwọ àti Ọlámipọ̀ á jọ dàgbà. Àwọn ọmọ rẹ ò ní tilẹ̀kùn mọ́ ọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ Ọlámipọ̀ lẹ́nu Màmá.

Gbogbo gbọ̀ngàn wá ń wò mí. Atọ́kùn ètò ní kí ni Màmá sọ. Inú mi ti korò. Mo ń rò ó pé: èmi tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Trade Fair nítorí wọn, èmi tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo mọ orúnkún tó ń dùn wọ́n tí òjò bá ṣú, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbagidi, wọn ò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbé máìkì sẹ́nu. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù tí mo ní sọ ọ́. Mo ní Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rosaline ọmọ wọn tó ń tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru, pé òun ni wọ́n ń gbé ọwọ́ àdúrà lé lórí. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá ará Íńdíà ń nu ojú. Ọwọ́ Màmá ṣì wà lófuurufú níbi tí wọ́n gbé e sí fún ọ. Atọ́kùn ètò rọra tì mí lẹ́yìn, bí ẹni tó ń sọ pé ó yá. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé orí mi sábẹ́ rẹ̀.

Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí orúkọ lè sá sí. Wọ́n gbọ́ "Rosaline." Wọn ò gbọ́ "Adéyọ̀sọ́lá." Nígbà tí a dé yàrá, mo ń bá wọn tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn léèsì náà, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ mi kúrú tó yẹn lédè wọn?" Mo ní, "Gẹ̀ẹ́sì máa ń ké ọ̀rọ̀ kúrú, Mà." Wọ́n ní, "Kò burú. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ò nílò ògbufọ̀."

Nígbà tí aláwàdà tún jáde lọ́jọ́ kejì, mo fẹnu sí wọn létí, mo ti mú òmíràn wá nípa alága ẹgbẹ́ onílé àti ewúrẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí n máa wo ẹnu ẹ̀." A jókòó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ò gbọ́, Màmá ò gbọ́. Bàbá òyìnbó náà wo ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó ń wá ẹ̀rín tó ti mọ̀. Kò rí i.

A ti padà sí Festac kí fídíò náà tó dé sọ́wọ́ yín, tí ìwọ náà fi í ránṣẹ́ sí mi. Ilé ìwẹ̀ ni mo wọ̀ lọ wò ó. Ẹnu Màmá ń mì, dùùrù nìkan ni mo gbọ́. Kò sí ohùn wọn níbẹ̀ rárá, bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ohùn tèmi jáde, ketekete. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ Màmá lókè orí mi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni o kọ ọ́ sí pé, "Ẹ kú oríire, Àǹtí mi." Láti ìgbà náà o ò pè. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọkọ̀ lásán, pé ńṣe ni o fẹ́ fi kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá ṣí i. Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mo ní lọ́la. Lọ́la ti di oṣù.

Màmá ní kí n fi fídíò náà han àwọn, mo ní ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti rí i?" Mo ní, "Ó ti rí i, Mà." Ìyẹn kì í ṣe irọ́, òun ló sì burú jù. Bí fóònù bá dún, wọ́n á gbé orí sókè bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. "Yọ̀sọ́lá ni?" Mo máa ń sọ pé ará ìjọ ni, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dára, pé iṣẹ́ ń dí ọ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ṣàdédé sọ pé, "Ó gbọ́. Kò dá mi lóhùn. Èmi náà ò dá a lóhùn nígbà tiẹ̀. Ó tọ́ sí mi." Mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ lọ. Yọ̀sọ́lá, mo ń pa á lọ ni. Màmá rò pé o gbọ́, o sì kọ̀. Ìwọ rò pé Màmá ò rántí rẹ. Èmi ni mo jókòó sáàárín bí ilẹ̀kùn ọjọ́ náà.

Èyí tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀ ni pé mo ti ní tèmi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ọwọ́ méjèèjì ni Màmá gbé lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà títí orúnkún mi fi kú. O mọ ibi tí ìgbéyàwó ọ̀hún já sí. Ìwọ lo wá bá mi kó ẹrù padà sí Àfẹ́níù Kẹrin. Ìwọ tí wọn ò gbàdúrà fún, ilé rẹ dúró. Kí ni mo wá fẹ́ fi tìrẹ ṣe? Bóyá kì í ṣe àdúrà gan-an ni mo jí. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀. N kò sì ní tan ọ́: inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ó rọrùn láti fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, kò rọrùn láti máa fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí inú tó ń bí mi sí ọ di ohun tí Màmá máa gbé wọ sàréè.

Àná ló wá dójú ẹ̀. Màmá ní kí n bá àwọn fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mú aṣọ òfì kan jáde, aláwọ̀ wáìnì, káńfọ̀ ṣì wà láàárín ìṣẹ́po rẹ̀. N kò rí i rí. Wọ́n ní ìgbéyàwó rẹ ni àwọn rà á fún, kí àwọn tó mọ ilé tí ò ń lọ. Àwọn ò lè wọ̀ ọ́, àwọn ò lè fi tọrẹ. Wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Mú un, Rosaline. Ẹni tó ni ín ò fẹ́ mọ́." Ọwọ́ mi kọ̀ láti gbé e. Mo ní mò ń bọ̀, mo sá lọ sí báńkónì. Bàbá Àmúsà wà nísàlẹ̀, wọ́n ń fi àkísà nu jẹnẹrétọ̀ wọn, mo sì ń sunkún lókè wọn bí ọmọdé. Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ti sùn. Aṣọ náà wà lórí àga níwájú mi báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti gbé e síbẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Má dárí jì mí nítorí pé mo kọ lẹ́tà. Bínú bó ṣe wù ọ́, mo lè gbé e. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má bínú sí Màmá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí ìtàgé ni mo kọ sókè yẹn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò yọ níbẹ̀, n kò fi kún un.

Kí Ọlọ́run tó gbọ́ ohùn Màmá láìsí máìkì mú gbogbo àdúrà náà ṣẹ sí ọ lára. Kí Ìyìn àti Tóyọ̀sí má mọ bí ilẹ̀kùn títì ṣe ń rí. Kí ìwọ àti Ọlámipọ̀ darúgbó, kí ẹ rí ẹni fi òróró pa yín lẹ́sẹ̀, kí ẹni náà sì sàn jù mí lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Rosaline.

Ohun tó ṣẹ́kù: Tún fídíò náà wò. Dá a dúró níbi tí mo ti kúnlẹ̀, kí o sún un mọ́ ojú. Ọwọ́ Màmá kò kàn mí lórí. Ó dúró sókè gèlè mi, iná ìtàgé ń gba àárín wọn kọjá. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà náà. Mo ń na ọrùn sókè, ọwọ́ náà kò sọ̀kalẹ̀ títí àtẹ́wọ́ fi parí. Àyè kékeré tí o máa rí yẹn, ìwọ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Lọ́la, tí mo bá ti wẹ Màmá, tí wọ́n sì ti mu ògì wọn, màá kúnlẹ̀ níwájú wọn, màá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá pe nọ́ńbà rẹ, màá fi fóònù sí Màmá létí, màá ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀, màá sì jáde lọ sí báńkónì. N kò ní bá ẹnikẹ́ni túmọ̀ ohunkóhun.